Gáàsì ìgbẹ́ mi ò jó mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́ kí ló pa á? (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹlẹ́dẹ̀Arówómọlé | Ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í dá sí i ni, ṣùgbọ́n èyí ti kọjá agbára mi. Mo ní táǹkì báyógáàsì kan lẹ́yìn ilé ní Arówómọlé, táǹkì rọ́bà lítà 3000, ìgbẹ́ màlúù láti odò ẹran ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tó yá mo ń da ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tèmi náà mọ́ ọn. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ìyàwó mi fi ń dáná lórí ẹ̀, a ò ra gáàsì sílíńdà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni àpò tí gáàsì ń kó sí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ìwọ̀nba tó bá sì wà níbẹ̀, tí a bá ṣáná sí i, á ṣe fùù lẹ́ẹ̀kan á kú. Mo ti fi omi ọṣẹ yẹ gbogbo páìpù wò, kò jò níbì kankan. Ẹnì kan wá ní irin ló wà nínú ìgbẹ́ tí mò ń lò, pé irin ló pa àwọn kòkòrò tó ń ṣe gáàsì. Kò yé mi. Ìgbẹ́ ni mò ń dà sí i, n ò da ìṣó sí i. Ẹ gbà mí o, èédú la fi ń dáná báyìí, èéfín sì ń yọ ọmọ lẹ́nu.

BàbáTáǹkì | Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Àbúrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin dẹ́rù bà ẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe nǹkan yìí ní apá Ìlọrà níbí. Táǹkì ẹ ti kan ni. Gáàsì tó dáa, mẹ́tìẹ́ẹ̀nì inú ẹ̀ máa ń tó 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, òun ló ń jó. Tó bá ti ṣe fùù tó kú, CO2, gáàsì tí kì í jó, ló gba ibẹ̀ kan. Lọ ra bébà pH, èyí tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, kì í wọ́n, kí o tì í bọ omi inú táǹkì, tó bá ti wà lábẹ́ 6.5 ọ̀rọ̀ ti parí. Má fún un lóúnjẹ mọ́, bu láìmù, ìyẹ̀fun tó ń pa kíkan, ṣíbí bíi mẹ́wàá sí i, á jí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èèpo pákí ńkọ́, ṣé o ò dà á sí i? Torí mo mọ̀ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ilé tí wọn kì í ti yan gàrí.

ÌyáLábù | Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ Bàbá. Ọ̀rọ̀ bébà pH yẹn dáa, kó kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kó da láìmù sí táǹkì tó dé pa. Láìmù máa ń yára gbé CO2 mì, tí CO2 inú táǹkì bá sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, táǹkì rọ́bà lè rún wọnú, tàbí kó fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé láti ibi tó bá ti rí àyè, afẹ́fẹ́ sì rèé, àwọn kòkòrò yẹn ò fẹ́ ẹ rí. Báíkìn sódà ló sàn jù, díẹ̀díẹ̀, kó máa pò ó mọ́ omi.

Ìwọ tó ni táǹkì, dá mi lóhùn dáadáa. Kí lo yí padà láti bí oṣù mẹ́ta? Má sọ pé o ò yí nǹkan kan padà, ronú sí i. Ibo gan-an lo ti ń bu nǹkan ní odò ẹran yẹn? Kí ni ẹlẹ́dẹ̀ ẹ ń jẹ? Àti pé òórùn ẹyin òbu tó máa ń wà lára gáàsì yẹn, ṣé ó ṣì wà?

Ẹlẹ́dẹ̀Arówómọlé | Ọjọ́ Ajé, 9:21 alẹ́

Ẹ ṣeun mà. Mo ti ra bébà náà, ó dúró láàárín 5.5 sí 6.

Bí ẹ ṣe ní kí n ronú, mo jókòó pẹ̀lú ìyàwó mi, a sì rí i pé nǹkan mẹ́ta ló yí padà. Àkọ́kọ́, mo pààrọ̀ oúnjẹ àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, èyí tuntun yìí mú wọn dàgbà lóòótọ́. Èkejì, àwọn ọmọkùnrin odò ẹran ní kí n máa gba omi tí wọ́n fi ń fọ ibi tí wọ́n ti ń sun awọ, pé ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, pé gáàsì á pọ̀ síi, mo wá ń gbé kẹ́ẹ̀gì méjì nínú ẹ̀ lọ́jọ́ kejì-kejì láti bí oṣù méjì ààbọ̀. Ẹ̀kẹta, loṣù tó kọjá mo da àpò èèpo pákí méjì sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Bàbá ẹ jàre lórí ìyẹn.

Òórùn ẹyin òbu, ó ti lọ. Ó ti tó oṣù kan tó ti lọ. Inú wa dùn nígbà yẹn, a ní gáàsì náà ti mọ́.

BàbáTáǹkì | Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Àpò méjì lọ́jọ́ kan! Kí ni mo wí? Ẹ tún ń wá irin kiri. Èèpo pákí máa ń kan kíákíá, májèlé ara pákí tútù náà sì wà níbẹ̀, èyí tó ń pa ewúrẹ́, àwọn kòkòrò ò fẹ́ òun náà.

ỌmọAlápatà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:55 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Arówómọlé, odò ẹran ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí. Ibi méjì ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ibi tí a ti ń tú inú màlúù, koríko tó ti jẹ tí kò tíì dà ló ń jáde níbẹ̀, èyí mọ́, òun ló dáa fún táǹkì. Ibi kejì ni ibi tí wọ́n ti ń sun awọ fún pọ̀nmọ́. Ibòmíì igi ni wọ́n fi ń sun ún, ṣùgbọ́n táyà ni àwọn kan ń lò torí ó yá ju igi lọ, kò sì wọ́n. Omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ibẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, wáyà táyà kún ilẹ̀. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu omi fún yín, ẹ má gbà á mọ́. Àwọn tó fún yín kò ní èrò burúkú, wọn ò mọ̀ ni.

ÌyáLábù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀

Ọmọ Alápatà, Ọlọ́run á bù kún ẹ, ibi tí mò ń wá gan-an lo mú wa dé yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, á gùn díẹ̀.

Iṣẹ́ inú táǹkì yẹn, ọwọ́ kan kọ́ ló ń ṣe é. Àwọn kòkòrò àkọ́kọ́ á tú ìgbẹ́ palẹ̀, àwọn míì á sọ ọ́ di omi kíkan, ìkẹyìn ni àwọn tó ń sọ ìkan yẹn di mẹ́tìẹ́ẹ̀nì. Àwọn tó kẹ́yìn yìí ló jẹ́ ẹlẹgẹ́ jù, wọn kì í tètè bí sí i, pH wọn ò gbọdọ̀ jìnnà sí 6.8 sí 7.4, àwọn irin wúwo sì máa ń ṣe wọ́n léṣe: bàbà, síńkì, òjé, kádímíọ̀mù, krómíọ̀mù. Nígbà tí a bá ń pe irin níbí, kì í ṣe ìṣó là ń wí o, irin tó ti yọ́ sínú omi ni, tí ojú ò lè rí. Imí ọjọ́ wà lára àwọn ẹnsáìmù tó ń bá kòkòrò ṣiṣẹ́, irin yìí á lọ lẹ̀ mọ́ imí ọjọ́ náà, ẹnsáìmù á sì dákẹ́. Ìgbà míì ẹ̀wẹ̀, á ti irin tó yẹ kó wà níbẹ̀ kúrò, á jókòó sí àyè ẹ̀.

Bàbá, ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi rèé. Pé ó ti kan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló jẹ́ kó kan? Tí irin bá pa àwọn tó ń jẹ ìkan, àwọn tó ń ṣe ìkan ò kú, iṣẹ́ wọn ń lọ ní tiwọn, ìkan á wá kó jọ torí kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Bébà pH á sọ 5.5 fún wa yálà pákí ló fà á tàbí irin. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ wá wo ti òórùn ẹyin òbu. Sọ́fáìdì ni, imí ọjọ́ inú ìgbẹ́ ló ń dà bẹ́ẹ̀. Sọ́fáìdì yìí gan-an ni ẹ̀ṣọ́ táǹkì, torí tí bàbà tàbí síńkì tàbí òjé bá wọlé, á dì mọ́ ọn, wọ́n á di èérún dúdú tí kì í yọ́ nínú omi, irin tí kò bá sì yọ́ sínú omi kò rí kòkòrò pa. Ìdí nìyẹn tí táǹkì yìí fi gba omi táyà fún bí oṣù kan àti díẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Ìgbà tí òórùn yẹn lọ, tí inú yín ń dùn, ó jọ pé ẹ̀ṣọ́ ló ti tán. Irin tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa dì í mú. Pákí wá dé, kíkan ẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí irin yọ́ sínú omi sí i, síńkì pàápàá. Bàbà tó bá ti di sọ́fáìdì kì í tètè tú ní tiẹ̀.

Ti táyà: síńkì wà nínú rọ́bà ẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, òun ni wọ́n fi ń ran imí ọjọ́ lọ́wọ́ kí rọ́bà tó le. Wáyà inú ẹ̀ sì rèé, bàbà àti síńkì ni wọ́n fi bò ó. Tí iná bá jó táyà, rọ́bà á lọ, síńkì á kù sínú eérú. Eérú yẹn lo ń gbé ní kẹ́ẹ̀gì méjì.

Irin kì í jẹrà. Ìgbẹ́ á di gáàsì, a ó fi se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n irin tó bá a wọlé, inú táǹkì ló wà, tàbí inú omi tó ń jáde lọ́nà kejì.

BàbáTáǹkì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 àárọ̀

Ìyá, ẹ kú àlàyé, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn èyí. Èmi alára, irin ni mo fi tún táǹkì mi ṣe lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Òórùn rẹ̀ pọ̀ débi tó ń jẹ orí sítóòfù mi, ẹnì kan ní kí n kó àjákù irin tó ti dógùn-ún sí i, mo kó o, òórùn lọ, gáàsì tún pọ̀ sí i. Tí irin bá ń pa kòkòrò, báwo ni tèmi ṣe jí?

Wẹ́dàỌjàÌgbó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀

Òótọ́ ni Bàbá sọ, èèyàn méjì ti wá gba ìdọ̀tí irin lọ́wọ́ mi fún irú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Arówómọlé, tí ẹ bá fẹ́, àjákù páànù òrùlé wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo lè gé e wẹ́wẹ́ fún yín, ẹ ò ní san nǹkan kan.

ÌyáLábù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:41 àárọ̀

Rárá o, páànù kọ́! Ẹ jọ̀ọ́ Wẹ́dà, inú rere yín ni, ṣùgbọ́n síńkì ni wọ́n fi ń bo páànù kó má baà dógùn-ún. Tí ẹ bá kó o sínú omi tó ti kan, síńkì á yọ́ sí i ní wéréwéré. Páìpù onísíńkì náà ńkọ́, ìṣó páànù ńkọ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Irin dúdú lásán, èyí tó ń dógùn-ún pupa, òun ni Bàbá lò.

Bàbá, tiyín ò tako tèmi. Irin dúdú ń dì mọ́ sọ́fáìdì, ìdí nìyẹn tí òórùn fi lọ ní tiyín. Sọ́fáìdì irin dúdú yẹn á wá jókòó sí ìsàlẹ̀ táǹkì bí owó tí èèyàn fi pamọ́, torí tí bàbà bá dé, á gba sọ́fáìdì yẹn lọ́wọ́ irin dúdú, bàbà á dì, irin dúdú á yọ́, irin dúdú kò sì ṣe kòkòrò ní nǹkan kan ní ìwọ̀nba yẹn. Kódà àwọn kòkòrò mẹ́tìẹ́ẹ̀nì nílò irin dúdú. Wọ́n nílò níkẹ́ẹ̀lì bíńtín, ẹnsáìmù tó ń ṣe mẹ́tìẹ́ẹ̀nì gan-an, níkẹ́ẹ̀lì ló wà láàárín ẹ̀, wọ́n sì nílò kóbọ́ọ̀tì. Ìgbẹ́ màlúù tó ń jẹ koríko ti ní gbogbo ẹ̀ tó wọn. Ohun tó ń pa wọ́n ni àpọ̀jù, àti èyí tí kò yẹ wọ́n rárá, bí òjé àti kádímíọ̀mù.

Ẹ ṣàkíyèsí pé òórùn tó lọ ní ilé yín àti òórùn tó lọ ní Arówómọlé, ohun tó gbé e lọ yàtọ̀ síra.

BàbáTáǹkì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:55 àárọ̀

Èyí yé mi. Ẹ ṣé. Síbẹ̀ n ò gbà pé pákí ò lọ́wọ́ sí i.

ÌyáÌbejìÌkòyí | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Mo ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní apá Ìkòyí-Ilé, ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń fi ìgbẹ́ wọn ṣe gáàsì, táǹkì mi ò sì kú rí, nítorí náà kí ẹ má ba ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ lórúkọ jẹ́. Lóòótọ́ ni wọ́n ń fi bàbà àti síńkì sí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ kó lè dàgbà kó má sì ya ìgbẹ́ gbuuru, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni ẹlẹ́dẹ̀ sì ń ṣu jáde. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí à ń fún ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ló máa ń pọ̀ nínú ẹ̀ jù. Ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ìgbẹ́ àwọn ọmọ kéékèèké, mi ò kó o sí táǹkì, ìgbẹ́ àgbà ni mò ń kó, mo sì ń da ìgbẹ́ màlúù tó pọ̀ tó o mọ́ ọn, ìdajì-ìdajì. Àwọn òyìnbó náà ti rí i pé ọ̀rọ̀ síńkì yìí kì í ṣe kékeré, ní Yúróòpù wọ́n fòpin sí fífi síńkì ọ́kísáìdì ṣe oògùn ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2022, nítorí ilẹ̀ oko wọn wà lára ìdí ẹ̀.

Ọmọ mi ní Arówómọlé, wo ẹ̀yìn àpò oúnjẹ tuntun yẹn, ka ibi tí wọ́n kọ kọ́pà (bàbà náà ni) àti síńkì sí. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ náà sì gbọ́, omi tí ẹ bá fi kọ́pà sọ́féètì aláwọ̀ búlúù yẹn sí, ẹ má jẹ́ kó ṣàn lọ sínú táǹkì gáàsì.

ỌmọAkẹ̀sán | Ọjọ́rú, 6:20 àárọ̀

Dípò kí ẹ máa jiyàn, kó dán an wò nínú ìgò. Bí a ṣe ń ṣe é rèé: wá ìgò rọ́bà lítà kan ààbọ̀ mẹ́jọ. Lọ bu omi inú táǹkì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ ẹni tó ní in, Ìyá Ìbejì lè fún ẹ, bu ìwọ̀n kan náà sí gbogbo ìgò, fi ìgbẹ́ màlúù tó mọ́ díẹ̀ sí gbogbo wọn, ìwọ̀n kan náà. Méjì àkọ́kọ́, omi lásán ni kí o fi kún un. Méjì, ìgbẹ́ àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ẹ. Méjì, omi ibi tí wọ́n ti ń sun awọ. Méjì, èèpo pákí tí o rún. Fi bàlúùnù dé ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan, so ó pinpin, gbé wọn síbi tó móoru tí oòrùn kò pa. Méjì-méjì yẹn ṣe pàtàkì, torí bàlúùnù kan lè máa jò kó sì tàn ẹ́ jẹ.

Ẹ rántí o, kì í ṣe táyà nìkan. Èmi tí mò ń kó ìdọ̀tí ọjà, bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni mò ń ṣà jù nínú ẹ̀fọ́ jíjẹrà, ara bátìrì yẹn síńkì ni. Bátìrì iná alágbèéká náà wà níbẹ̀, òjé ló wà nínú òpọ̀ wọn. Àjákù awọ bàtà náà, mi ò kó o, awọ tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ní krómíọ̀mù nínú.

ÌyáLábù | Ọjọ́rú, 6:58 àárọ̀

Ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n bàlúùnù wíwú nìkan ò tó, CO2 náà ń wu bàlúùnù. Ẹ̀yin tí ẹ ń se ọṣẹ mọ kọ́ọ́sítíìkì sódà, pò ó mọ́ omi, wọ ìbọ̀wọ́, kó má ta sí ẹ lójú. Fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ darí gáàsì inú bàlúùnù gba inú omi náà kọjá, kí o gbà á sínú ìgò tó kún fún omi tí o dojú ẹ̀ délẹ̀. Kọ́ọ́sítíìkì á gbé CO2 mì, èyí tó bá kù nínú ìgò, mẹ́tìẹ́ẹ̀nì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀Arówómọlé | Ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn náà, 8:12 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o. Mo ti dé. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé fún kẹ́ẹ̀gì yẹn, ọlọ́kadà ò fẹ́ gbé e nítorí òórùn, mo ní láti fi kún owó ẹ̀.

Bó ṣe rí rèé. Ti ìgbẹ́ màlúù lásán bẹ̀rẹ̀ sí í wú lọ́jọ́ kẹta, ó wú dáadáa, lẹ́yìn kọ́ọ́sítíìkì èyí tó ju ìdajì lọ ló kù. Ti ìgbẹ́ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́ra, n rò pé kò ní ṣe nǹkan kan títí di ọjọ́ keje, ìgbà tó yá ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti màlúù dọ́gba. Èèpo pákí ló kọ́kọ́ wú nínú gbogbo wọn, ọjọ́ kejì pere, ìyàwó mi ní ṣé ẹ ò rí i pé pákí ló dáa jù, ṣùgbọ́n nígbà tí a gba inú kọ́ọ́sítíìkì, díẹ̀ ló kù, pH ẹ̀ sì ti wálẹ̀ sí 6. Omi ibi tí wọ́n ti ń sun awọ, ìgò kan wú bí àtàǹpàkò, èkejì ò wú rárá. Lẹ́yìn kọ́ọ́sítíìkì, n ò rí nǹkan kan tí mo lè pè ní gáàsì.

BàbáTáǹkì | Ọjọ́ kan náà, 8:30 alẹ́

Mo gbà. Omi táyà ló pa á, pákí ló wá tì í ṣubú. Àbúrò, ìwọ náà ṣe iṣẹ́ ọkùnrin. Ní báyìí tí o fẹ́ tú u palẹ̀, gbọ́ mi dáadáa: má wọ inú táǹkì yẹn, má sì rán ọmọ kankan wọ̀ ọ́, bó ti wù kí o ṣí i sílẹ̀ pẹ́ tó. Gáàsì ẹyin òbu yẹn, tó bá pọ̀ imú ò ní gbọ́ ọ mọ́, èèyàn á rò pé ó ti lọ. Láti ìta ni kí o ti fa ìsàlẹ̀ ẹ̀ jáde. Fa ìdajì, tàbí jù bẹ́ẹ̀, fi omi táǹkì Ìyá Ìbejì àti ìgbẹ́ inú màlúù rọ́pò ẹ̀, kí o sì fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù kan.

Àgbẹ̀Ẹ̀fọ́ | Ọjọ́ kan náà, 9:47 alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mò ń wá gba omi dúdú inú táǹkì lọ́wọ́ yín. Oṣù méjì tó kọjá yìí, bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ mẹ́fà àti ewédú méjì ni mo dà á sí. Àwọn èèyàn ń rà á lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ tèmi náà ń jẹ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?

Ẹlẹ́dẹ̀Arówómọlé | Ọjọ́ kan náà, 10:03 alẹ́

Àbúrò mi, má bínú. N ò mọ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ pé n ò mọ̀. Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ láàárọ̀ ọ̀la.

ỌmọAkẹ̀sán | Ọjọ́ kan náà, 10:15 alẹ́

Eléyìí tó kù nínú táǹkì, ẹ kàn da gbogbo ẹ̀ sí gọ́tà lálẹ́, òjò á gbé e lọ.

ÌyáLábù | Ọjọ́ kan náà, 10:22 alẹ́

Ọmọ Akẹ̀sán, má sọ ìyẹn. Gọ́tà ń lọ sódò, kànga sì pọ̀ ní Arówómọlé. Irin tí a sọ pé kì í jẹrà nínú táǹkì, ṣé inú odò ló máa wá jẹrà? Ní ọdún 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá góòlù pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara. Tiwa yìí kò tó ìyẹn, mi ò fẹ́ dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́ gọ́tà kí n dákẹ́. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìnnà sí kànga, tẹ́ tapólì tó nípọn sí i, da omi náà sí i, fi nǹkan bò ó kí òjò má kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Àgbẹ̀ Ẹ̀fọ́, fara balẹ̀. Síńkì àti bàbà, ẹ̀fọ́ fúnra ẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn, ewé á pọ́n, kò ní dàgbà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni kádímíọ̀mù, torí ewé máa ń fà á láìjẹ́ pé ó hàn lójú. Má ta àwọn bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ yẹn títí ìwọ á fi mọ̀. Bu ilẹ̀ níbi márùn-ún lórí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, pò ó pọ̀, fi sínú ọ̀rá tó mọ́, bu ti ibi tí o ò da omi sí náà kí a lè fi wéra, já ewé díẹ̀, kí o sì gbé wọn lọ sí lábù tó ní ẹ̀rọ AAS, èyí tó ń wọn irin, kí wọ́n wo síńkì, bàbà, òjé àti kádímíọ̀mù. Tí ilẹ̀ náà bá kan, láìmù ò burú níbí, Bàbá, ilẹ̀ tí kò kan kì í jẹ́ kí ewé fa irin tó bẹ́ẹ̀.

ỌmọAlápatà | Ọjọ́ kejì, 6:05 àárọ̀

Mo ti bá àwọn àgbà wa sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n gbé dúrọ́ọ̀mù méjì síbi tí a ti ń tú inú màlúù, kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ìgbẹ́ fún gáàsì máa gbà á níbẹ̀ nìkan. Ti táyà, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀, igi ti wọ́n. Mi ò ní dákẹ́.

Ẹlẹ́dẹ̀Arówómọlé | Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 7:40 alẹ́

Iná ti tàn. Àná ni àpò kọ́kọ́ wú, lónìí ìyàwó mi se omi ẹ̀kọ ọmọ lórí ẹ̀, iná aláwọ̀ búlúù, kò kú. pH ti dé 7. Mi ò kó ìgbẹ́ àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ sí i mọ́, èèpo pákí abọ́ kan lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni, tí mo ti kọ́kọ́ sá. Irin dúdú tí Wẹ́dà fún mi wà ní ìsàlẹ̀, mo yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Èmi àti Àgbẹ̀ jọ gbé ilẹ̀ àti ewé lọ sí lábù, èmi ni mo san owó ẹ̀. Kò tíì ta ewé kan nínú bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ yẹn, mo ń fún un ní nǹkan díẹ̀ lọ́sẹ̀ kí ó fi gbé ilé ró. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ká wá gba èsì. Màá kọ ọ́ síbí.